Ó Ń Dún, Ṣùgbọ́n A Ò Tíì Mọ̀ Ọ́n: Fífi Ọwọ́ Ara Ẹni Ṣe Àǹpìlìfáyà àti Ìdánwò Rẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àǹpìlìfáyà tó lè gbé sípíkà, kí n sì sọ bí a ṣe ń dán an wò. Ìdánwò yẹn ni màá sọ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí nǹkan bá ti dún, iṣẹ́ ti parí, ká gba owó, ó di ilé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àǹpìlìfáyà tó kàn ń dún, tí ẹni tó ṣe é kò lè sọ iye fóòtì tó wà lẹ́nu rẹ̀, iye ánpíà tó ń jẹ, àti bó ṣe ń gbóná tó, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá ara wa sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an. Ohùn kékeré tó ti inú fóònù wọlé kì í dàgbà nínú rẹ̀. Iná tó wà nínú pówà sápúlàì ló ń lọ sí sípíkà, ohùn kékeré yẹn kàn ń pàṣẹ fún un ni pé kó pọ̀, kó dín, kó lọ síwájú, kó padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ra tíránsístọ̀ olówó ńlá tó wá lọ fi tírànsífọ́mà kékeré sí i fi ṣòfò. Ohun tí kò sí nínú pówà sápúlàì kò lè dé ẹnu sípíkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn jùjú mọ oore tí ẹ̀rọ yìí ṣe wá. Lọ́dún 1949 ni Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, gbé máíkì mọ́ ara gìtá rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ ọlọ́jùjú kò lè kó onílù púpọ̀ jọ, torí ìlù á bo gìtá àti ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Nígbà tí gìtá àti ohùn ti ń gba inú àǹpìlìfáyà jáde, ààyè gba gángan àti àwọn ìlù mìíràn, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Èrò kan tún wà tí ọ̀pọ̀ jù lọ àǹpìlìfáyà ayé òde òní dúró lé lórí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1927, Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Hudson lọ síbi iṣẹ́ ní New York. Wáyà tẹlifóònù ọ̀nà jíjìn ló ń dà á láàmú. Àǹpìlìfáyà tí wọ́n tò sójú ọ̀nà wáyà yẹn ń ba ohùn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ohùn bá sì ti kọjá nínú púpọ̀ wọn, kò ní ṣeé gbọ́ mọ́. Inú ọkọ̀ yẹn ni ọgbọ́n ti sọ sí i lọ́kàn, ó sì yà á sórí ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ká gba díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde padà wá sẹ́nu ọ̀nà, ká fi wé ohun tó ń wọlé, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa yọ ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àwọn méjèèjì. Agbára ẹ̀rọ á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn á mọ́. Àtúnbọ̀ la ó máa pe ọgbọ́n yìí títí tí mo fi máa jókòó.

Ó ní ewu tirẹ̀ o. Bí ohun tó ń padà bọ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà, á dé lásìkò tí kò yẹ, dípò kó máa yọ àṣìṣe á máa kún un. Àǹpìlìfáyà á wá di rédíò tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lókè réré, níbi tí etí kò ti lè gbọ́. Ẹni tó ni ín kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tíránsístọ̀ á kàn máa gbóná, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè á sì jó.

Èwo wá ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣe? Àwòrán tó wà níta pọ̀ bí nǹkan míì. Èyí tí mo máa ń fún ọmọ iṣẹ́ ni ti John Linsley Hood, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Ìwé ìròyìn kan náà ni D. T. N. Williamson ti gbé àǹpìlìfáyà onífáàfù rẹ̀ jáde lọ́dún 1947, wáàtì 15, èyí tí àwọn ènìyàn fi ṣe òṣùwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Linsley Hood fẹ́ kí tíránsístọ̀ kọrin dáadáa bíi ti Williamson láì ní fáàfù, láì ní tírànsífọ́mà ńlá tó máa ń wà lẹ́nu sípíkà. Tíránsístọ̀ mẹ́rin péré ló lò, ó sì fún wa ní wáàtì 10. Àwọn kan á ní nǹkan àtijọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí mítà olówó pọ́ọ́kú kò lè dé, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wúlò fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Áísì dúdú kan lè fún yín ní wáàtì 50 lónìí, àmọ́ bí ó bá kú, ẹ ò ní mọ ohun tó pa á.

Irú iṣẹ́ tó ń ṣe là ń pè ní Class A. Iná kì í sinmi nínú rẹ̀, orin ń lọ o, orin ò lọ o, bí awakọ̀ dáńfó tó jókòó sí gáréèjì láì pa ẹnjìnnì, torí kò fẹ́ kí èrò wọlé tán kó tó máa wá kọ́kọ́rọ́. Fún sípíkà 8 óòmù, Linsley Hood ní kí pówà sápúlàì jẹ́ 27 fóòtì, kí iná tó ń ṣàn jẹ́ 1.2 ánpíà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra yín: wáàtì 32 lé díẹ̀. Apá méjì, òsì àti ọ̀tún, á jẹ́ bíi wáàtì 65, tó ń di ooru nínú ilé yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí àtigbọ́ wáàtì 10 lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń san owó iná lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó fi ń san án padà ni pé àwọn tíránsístọ̀ tó ń gbé ẹrù kì í pa kí wọ́n tún máa tan láàárín orin, nítorí náà kò sí wíwọ́ tó máa ń wà níbi tí ọ̀kan ti ń gbé iṣẹ́ fún ìkejì.

Ó dọjà. Tíránsístọ̀ 2N3055 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún àwọn tó ń gbé ẹrù náà nísinsìnyí, ẹ ó sì rí i ní ọjà Alábà àti níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta páàtì. Ayédèrú rẹ̀ sì wà kárí ìlú. Ìwé tó tẹ̀ lé ojúlówó sọ pé ó lè gbé 15 ánpíà. Bí ẹ bá ra mélòó kan, ẹ fi ọ̀kan ṣòfò: ẹ dè é mọ́ báìsì, ẹ fi ayùn irin rẹ́ ìdérí rẹ̀ yí ká, ẹ fi sikirudíráfà ṣí i. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí ègé sílíkọ́nù tó dúdú, onígun mẹ́rin, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ irin, wáyà tín-ín-rín ti orí rẹ̀ lọ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ wá lọ tú òmíràn tó ti kú nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára ayédèrú, ègé yẹn á kéré débi tí ojú á fi tì yín fún ẹni tó ṣe é: ohun tó yẹ tíránsístọ̀ 2 ánpíà ni wọ́n dé sábẹ́ irin ńlá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èyí tó kù dé orí bọ́ọ̀dù.

Ooru ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ìwé àwọn òyìnbó kì í ti bá tiwa mu. Tíránsístọ̀ ńlá méjì ló ń pín wáàtì 32 yẹn, 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní a kan àwọn méjèèjì mọ́ híìtì sínkì tó ń gbóná sí i ní dígírì 1 fún wáàtì kọ̀ọ̀kan, á fi dígírì 32 gbóná ju inú ilé lọ. Bí inú ilé wa n'Íbàdàn bá jẹ́ dígírì 32 lọ́sàn-án, híìtì sínkì di 64. Ẹ ò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́. Ègé máíkà àti òróró funfun tí a fi sáàárín á gba bíi dígírì 8, ó di 72. Láti ara irin tíránsístọ̀ dé inú sílíkọ́nù rẹ̀, ìwé 2N3055 ní dígírì kan àbọ̀ ni fún wáàtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 24. Sílíkọ́nù wà ní 96 nìyẹn. Ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni 200, a ṣì wà láyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lo híìtì sínkì tó jẹ́ ìdajì ìyẹn, tó wá gbé e sínú àpótí pákó tí kò ní ihò, ẹ ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tó sì máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu ni pé ìgbà tí kò sí orin ni ẹ̀rọ Class A máa ń gbóná jù, torí nígbà tí orin bá ń lọ, díẹ̀ nínú agbára yẹn á gba ẹnu sípíkà jáde.

Pówà sápúlàì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná tí a ṣì ń pè ní NEPA ń fún wa ní iná tó ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn dáyóòdù mẹ́rin ó di 100. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, kàpásítọ̀ nìkan ló ń bọ́ ẹ̀rọ. Bí kàpásítọ̀ bá jẹ́ 10,000 máíkírófárádì, tí ẹ̀rọ ń fa 1.2 ánpíà láì sinmi, fóòtì á máa lọ sókè sódò pẹ̀lú ohun tó tó 1.2. Ìyẹn pọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú sípíkà, á máa kùn hùùù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí irú ẹ̀rọ yìí ní régúlétọ̀ tó ń tẹ́ iná náà pẹrẹsẹ. Gbogbo wáyà ẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan ṣoṣo. Bí ti ẹnu ọ̀nà bá lọ gba ojú ọ̀nà tí iná ńlá ti kàpásítọ̀ ń gbà, kíkùn yẹn kò ní lọ láéláé, ẹ ò báà ra kàpásítọ̀ gbogbo ọjà.

Ó wá kan ìdánwò. Kí iná tó wọlé rárá, ẹ fi mítà wọn láàárín ara tíránsístọ̀ àti híìtì sínkì. Bí mítà bá ké, ègé máíkà ti lu, tàbí èérún irin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù àti èyí tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, torí èyí tí wọ́n so sódì tó bá bú gbàù lójú ènìyàn kò ṣeé fi ṣàwàdà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá gílóòbù 100 wáàtì, irú èyí tó ní irun wáyà nínú, tó ti ń wọ́n báyìí. LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ já wáyà láífù tó ń lọ sí tírànsífọ́mà, kí ẹ fi gílóòbù náà sáàárín. Bí nǹkan bá ti lẹ̀ mọ́ra níbìkan, gílóòbù á tàn rokoṣo, òun ló máa jẹ iná náà, ẹ̀rọ yín kò ní jó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, á tàn fìrí nígbà tí kàpásítọ̀ ń mu iná, á sì rọlẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe irú àǹpìlìfáyà tó wọ́pọ̀ mọ̀ pé ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Ti Class A kì í kú o. Á máa pọ́n díẹ̀, torí ẹ̀rọ ń jẹun nígbà gbogbo. Mo ti rí ẹni tó tú bọ́ọ̀dù tó dára palẹ̀ nítorí pípọ́n yẹn.

Nígbà tí ọkàn yín bá ti balẹ̀, ẹ yọ gílóòbù, ẹ má tíì so sípíkà. Ẹ wọn ojú ibi tí tíránsístọ̀ ńlá méjèèjì ti pàdé. Ìdajì 27 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 13.5 fóòtì, kí ohùn lè ráyè lọ sókè kó sì ráyè lọ sílẹ̀ bákan náà. Ẹ wọn ìṣàn iná, kó jẹ́ 1.2 ánpíà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ tún méjèèjì wọ̀n, torí bí tíránsístọ̀ bá ti gbóná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yí padà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù nìkan ò tíì wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá so résístọ̀ ńlá oníwáyà, 8 óòmù, 50 wáàtì, mọ́ ibi tó yẹ kí sípíkà wà. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa fun ohùn kan ṣoṣo sínú rẹ̀, 200 Hz dára, torí ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú kì í sọ òótọ́ bí ohùn bá ti ga jù. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí mítà bá ti ka 9 fóòtì lórí résístọ̀ yẹn, 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, ẹ fi 8 pín in: wáàtì 10 ti pé. Ẹni tó ní osilosíkóòpù á rí i bí orí ìgbì ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ̀rọ bá dé òpin. Ẹni tí kò ní, kó fi mítà wo ẹnu ọ̀nà àti ojú ìjáde pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ń wọlé bá di ìlọ́po méjì, tí ohun tó ń jáde náà di ìlọ́po méjì, àlàáfíà ni. Ibi tí ìjáde ti kọ̀ láti tẹ̀ lé e, òpin rẹ̀ nìyẹn, iye wáàtì tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sára àpótí náà nìyẹn.

Mo ní kẹ́ ẹ kọ òótọ́ sára àpótí. Gbogbo wa la mọ àwọn páálí tí wọ́n kọ PMPO ẹgbẹ̀rún wáàtì sí, tí tírànsífọ́mà inú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àṣejù irú èyí pọ̀ débi tí ìjọba fi ṣòfin lọ́dún 1974 lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọn wáàtì àǹpìlìfáyà kí wọ́n tó polówó rẹ̀. Wáàtì 10 tó jẹ́ òótọ́ kò sì kéré fún pálọ̀. Sípíkà tó ń fún wa ní 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú wáàtì 1 níwọ̀n mítà kan á fún wa ní 100 pẹ̀lú wáàtì 10. Bí a bá gbé e dé wáàtì 100, 110 péré ni, etí á sì gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá.

Fún àtúnbọ̀ tó lè ya wèrè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń mú un, 10 kHz, pẹ̀lú kàpásítọ̀ kékeré 0.1 máíkírófárádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ résístọ̀ yẹn. Igun ìgbì náà lè gbọ̀n díẹ̀ kó sì dúró. Bí ó bá ń gbọ̀n tí kò dúró, ẹ pa iná. Ẹni tí kò ní osilosíkóòpù lè gbé rédíò AM kékeré sún mọ́ ọn kó máa yí i. Bí ariwo bá sọ nígbà tí ẹ tan àǹpìlìfáyà, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ pa á, ó ti ta yín lólobó. Fún wíwọ́ ohùn, kọ̀ǹpútà àti Audacity tó jẹ́ ọ̀fẹ́ á ṣe é: ẹ fi résístọ̀ méjì dín ohùn kù kó má ba ẹnu kọ̀ǹpútà jẹ́, ẹ gba ohùn 1 kHz sílẹ̀, ẹ wo ohun tó yọ ní 2 kHz àti 3 kHz. Ẹ kọ́kọ́ wọn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ o, kẹ́ ẹ má lọ di ẹ̀bi rẹ̀ ru àǹpìlìfáyà.

Àwọn tó ń ṣe ti òde ìnáwó, tó ń to tíránsístọ̀ C5200 àti A1943 jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, á bi mí pé kí ni wáàtì 10 kàn wọn. Ìdánwò kan náà ni, àmọ́ kí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Kàpásítọ̀ ló wà láàárín ẹ̀rọ Linsley Hood àti sípíkà, kò jẹ́ kí iná tààrà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sípíkà á ké gbì! nígbà tí ẹ bá tan án. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kò ní i. Bí tíránsístọ̀ kan bá lẹ̀ mọ́ra lágbo òde, gbogbo fóòtì 50 tàbí 60 á wọ inú sípíkà lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ìlì á sì jó. Ẹ wọn iná tààrà lẹ́nu ìjáde, kó má ju 50 mílífóòtì lọ, kẹ́ ẹ sì fi rílé tó máa já sípíkà kúrò sí i.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù fún àwa tí NEPA ń ṣe bó ṣe wù ú. Bátìrì ínfátà 12 fóòtì méjì, tí a so tẹ̀ léra, tó ti mu iná yó, á fún wa ní 25 fóòtì lé díẹ̀. Wáàtì á rẹ̀yìn díẹ̀, ẹ ó sì tún ìdajì fóòtì rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n kíkùn pówà sápúlàì á pòórá pátápátá, torí kò sí 100 Hz nínú bátìrì. Ẹ̀rọ apá méjì tó ń fa 2.4 ánpíà á jẹ 24 nínú bátìrì 100 ánpíà-wákàtí láàárín wákàtí 10. Ẹ fi fíúsì sí ẹnu bátìrì gan-an, kó má jìnnà.

Èyí tí mo ṣe wà lórí tábìlì níwájú yìí, ó ti wà lórí iná láti ìgbà tí a ti wọlé, kò sì tíì kọrin kankan. Ẹni tó bá ní mítà lápò kó jáde wá. Ẹ wọn ìdajì fóòtì rẹ̀, ẹ wọn ìṣàn iná, kí ẹnìkan fọwọ́ kan híìtì sínkì kó sọ fún wa bó ṣe rí. Bí ẹ bá rí ohun tó kọjá 14 fóòtì tàbí tó kéré sí 13, ẹ tètè wí, torí mi ò ní so sípíkà mọ́ ọn.